Omi Tí A Fi Ń Yọ́ Oògùn Ọmọ Wa

Ìyá tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ní Ìyànà Ìpájà láti ra omi oògùn fún ọmọ rẹ̀ yóò béèrè iye owó rẹ̀. Bí ó bá mọ̀wé, yóò wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Kò sí ẹni tí í béèrè irú omi tí a fi yọ́ ohun tí ó wà nínú ìgò náà. Èrò wa ni pé omi yìí gan-an ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ jù lọ.

Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n mu My Pikin, oògùn eyín tí a ṣe ní Èkó níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ sí kú. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2009, ìjọba kéde pé ọmọ 84 ni ó ti lọ. Parasitamọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọ́ ni ó pa wọ́n. Parasitamọ́ọ̀lù kì í yọ́ dáradára nínú omi lásán. Nítorí náà ni àwọn aṣoògùn ṣe ń fi propylene glycol yọ́ ọ, èyí tí kò léwu bí a bá lò ó níwọ̀n. Ṣùgbọ́n diethylene glycol, ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń ṣe omi bíréèkì ọkọ̀, ni a bá nínú oògùn náà. Àwọn méjèèjì ki, wọn kò sì ní àwọ̀: gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èkejì yìí a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ kò ní lè tọ̀ mọ́, títí ikú yóò fi dé.

Àjálù yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1937 ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin oògùn tí ó le ní 1938. Ní 1990 ó pa àwọn ọmọdé wa ní Ìbàdàn àti ní Jos. A dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993, síbẹ̀ ó tún padà wá ní 2008. Ní 2022 ó pa bí ọmọ 70 ní Gáḿbíà.

Kí ni ó fà á? Owó ni. Diethylene glycol kò wọ́n tó èkejì rẹ̀, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run a sì máa fi orúkọ ọ̀kan ta èkejì. Lóòótọ́, ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ méjì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe My Pikin ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í jí òkú ọmọ dìde. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí a yẹ gbogbo gáláànù àti dúrọ́ọ̀mù wò kí a tó dà wọ́n sínú oògùn, kí ilé-iṣẹ́ má sì ṣe rà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò mú kí oògùn wọ́n sí i. A kò jiyàn. Kí ìjọba kọ́ ilé àyẹ̀wò tí àwọn aṣoògùn kékeré lè lò ní owó pọ́ọ́kú, kí ẹrù náà lè fúyẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tí ó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú ara. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín léèrè ibi tí ilé àyẹ̀wò wà. Májèlé kì í béèrè ẹgbẹ́ tí bàbá ọmọ ń ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.