Ẹ Má Fi Sìmẹ́ńtì Bo Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ ni mo wá rò. Bàbá mi ti ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá jọ sí ilé wa ní Ìbàdàn. Ìyókù ọgbà tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n fẹ́ fi bò.

Ìyá bàbá mi ló dá ọgbà náà. Wọ́n gbin ewúro, ewédú àti tẹ̀tẹ̀, wọ́n fi pèrègún ṣe ààlà, wọ́n sì lọ́ ọ̀dúndún síbi tútù lẹ́bàá àmù, níbi tí rinrin ti ń hù fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wọlé bí ìyàwó, wọ́n hú díẹ̀ nínú ewúro, wọ́n gbin ìbẹ́pẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Mo gbọ́ pé inú bí ìyá àgbà gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ́pẹ pọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́! N kò lòdì sí àyípadà o. Mọ́tò gbọ́dọ̀ ríbi dúró sí; ìdajì ilẹ̀ náà ti di kọnkéré tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdajì yẹn ti tó. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ilé ìdáná ni omi ń yà sí. Ta ló ti gbàgbé omíyalé Ìbàdàn ti oṣù kẹjọ ọdún 2011? N kò ní ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni ló fà á, ṣùgbọ́n omi tí ilẹ̀ kò bá mu, ilé ẹlòmíràn ni yóò wá lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Lọ́jọ́ kan tí a ń kọ́ nípa ìwúre, olùkọ́ wa béèrè ẹni tó ti fojú rí rinrin rí. Àwa méjì péré la nawọ́ nínú gbogbo kíláàsì. Tèmi kì í ṣe ọgbọ́n, ẹ̀yìnkùlé wa ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsílì kò jẹ́ kí orúkọ pèrègún parun. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé òrìṣà wọn ní Bahia títí di òní. Àbúrò mi tí a bí sí Ìbàdàn, “fláwà” ló ń pè é.

Mo ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, èmi yóò máa wá roko ibẹ̀ ní gbogbo ọlidé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.