Ọmọ Kéú Àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

  

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jámọ́ọ̀ mọ́sálásí, àti ẹ̀yin ọmọ kéú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe wòlímọ́tù ń ka Alùkùráánì bí ẹni ń mumi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, ọ̀rọ̀ ni kò tó wọn lẹ́nu. Nínú ìdánwò JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sí i, ìbáà ṣe Lárúbáwá ni ó fẹ́ lọ kà. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù jẹ́ 40. Ọmọ tó mọ náhàwù àti sọ́rọ́fù délẹ̀délẹ̀ á wá jókòó sílé. Ó ń dùn mí.

Àwọn kan nínú àwa ààfáà ń sọ pé èdè násárà ni, kí ọmọ má baà ti ibẹ̀ sọ ẹ̀sìn nù. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ a máa wọ ilé ìwé míṣọ́nnárì ní Músá, a sì jáde ní Mósè. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn àgbà Mùsùlùmí Èkó ṣe sí i? Wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé tiwọn. Wọn kò sá fún Gẹ̀ẹ́sì. Ànábì wa fúnra rẹ̀ pa Zayd ọmọ Thabit láṣẹ pé kí ó kọ́ ìwé àwọn Yẹ̀húdì nítorí lẹ́tà tó ń lọ tó ń bọ̀, àti pé nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ìdajì oṣù ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní èdè ló ń ba ẹ̀sìn jẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé èdè wo ni Abu Jahl ń sọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ kéú ló yẹ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lọ́rùn jù. Ó ti mọ̀ láti inú sọ́rọ́fù pé kataba ni "ó kọ̀wé", kātib ni akọ̀wé, kitāb ni ìwé, maktaba sì ni ilé ìkàwé. Gbòǹgbò kan ló mọ̀, ó ti kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ó ti ń fi kún un. Bí ‘allama ti di mu‘allim, bẹ́ẹ̀ ni "teach" di "teacher". Ẹni tó bá mọ "agree" kò yẹ kí ó sá fún "agreement" àti "disagree".

Ẹ tún gbọ́ èyí. "Lend" àti "borrow" ń da àwọn ọmọ wa láàmú, torí pé "yá" kan náà ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń sọ pé "borrow me your biro". Ṣùgbọ́n Lárúbáwá ti yà wọ́n sọ́tọ̀: a‘āra ni ti ẹni tó ni nǹkan, ista‘āra ni ti ẹni tó wá tọrọ. Olùkọ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ kò ní ṣì í mọ́ láéláé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀. "Cotton" ni quṭn, "sugar" ni sukkar. "Algebra" wá láti inú orúkọ ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Bagidádì ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. "Alcohol" pàápàá, al-kuḥl ni, ìyẹn tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú! Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà sọ pé gbogbo ohun tó bá ti ní "al" níwájú ni Lárúbáwá, torí "also" àti "almost" kò sí lára wọn.

Èyí tí mi ò fẹ́ ni ká máa há ọ̀rọ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà sórí kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́ fún wa lọ́jọ́ àríyànjiyàn. Ní 1953, Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Michael West ṣe àkójọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù. Nínú ìwé kíkà lásán, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló jẹ́ ara wọn. Bí ọmọ bá ń kọ́ 5 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40, ó di 1,000 lọ́dún kan. Ẹni tó há júsù Amma sórí, kí ni 2,000 fẹ́ ṣe fún un? Kó kọ wọ́n sí wàláà, kó máa yẹ àná wò kó tó gba ti òní, bí a ti ń ṣe Alùkùráánì gan-an, kó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn ara rẹ̀. Kí àwa olùkọ́ sì yéé na ọmọ torí pé ó béèrè ìtumọ̀ ní Yorùbá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ilé ìwé nílò ìwé atúmọ̀ èdè, pàápàá al-Mawrid tí Munir Ba'albaki ṣe, tó kọ́kọ́ jáde ní 1967, tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Lárúbáwá. Ẹ̀yin òbí, mo rí aṣọ àǹkò tí ẹ ń dá fún wòlímọ́tù, mo rí màlúù, mo rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe wòlímọ́tù lọ́dún yìí fi ìwé atúmọ̀ èdè ẹyọ kan ta ilé ìwé lọ́rẹ, kí á kọ orúkọ ọmọ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a ó kó wọn sí ti wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń wà ní kíláàsì lójoojúmọ́ títí di ìrun Àsárì.