Ẹ̀sùn lórí àwọn tó ń fi lọ́fíńdà bo òórùn hítà ọkọ̀

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tó ń ta ọkọ̀ àlòkù káàkiri Atlanta, láti Decatur dé Lawrenceville, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kì í ṣe gbogbo yín. Àwọn olóòótọ́ wà láàárín yín, wọ́n sì mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀sùn mi ni pé bí oníbàárà bá wá sọ pé òun tan hítà, ọkọ̀ òun sì ń rùn, ẹ kì í wá ibi tí òórùn náà ti ń jáde. Ẹ ó fín nǹkan olóòórùn dídùn sí ojú ihò afẹ́fẹ́, ẹ ó so páálí olóòórùn tó rí bí igi páìnì mọ́ dígí, ẹ ó gbowó. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ̀sùn kìíní ló wúwo jù. Hítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní iná tirẹ̀. Omi gbígbóná tó ń ti ara ẹ́ńjìnnì bọ̀ ló ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáànù á fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ooru á dé bá wa. Bí rédíétọ̀ kékeré yìí bá lu, omi náà á máa jò sínú ọkọ̀. Ethylene glycol wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi ń ta sánsán bí ohun dídùn. Gíláàsì iwájú á máa ṣú, bí ẹ bá sì nù ún, ọwọ́ yín á yọ̀ bí ẹni pé epo wà níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti awakọ̀ á rin. Ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá mọ àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò wà nínú gáréèjì yín.

Kí ló dé tí ẹ kò fi lò ó fún obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Lithonia, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru? Lọ́fíńdà lẹ kọ́kọ́ fún un. Nígbà tó padà wá, ẹ da oògùn adíhò sínú rédíétọ̀. Oògùn náà dí ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà kọjá, hítà kò gbóná mọ́. Lẹ́yìn náà lẹ yọ páìpù rọ́bà méjèèjì tó so hítà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ra, ẹ ní iṣẹ́ ti parí. Òórùn lọ lóòótọ́. Ooru tó ń lé ìkùukùu kúrò lójú gíláàsì náà bá a lọ, obìnrin yìí sì ń wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìdájí oṣù Kìíní láì ríwájú dáadáa. Ṣé ẹ sọ fún un pé májèlé ni omi tó jò sí ìdí ìjókòó ọmọ rẹ̀, pé adùn rẹ̀ ló ń tan ọmọdé àti ajá jẹ? Mo mọ̀ pé àtúnṣe gidi wọ́n, torí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àfi kí ẹ tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ dárúkọ iye rẹ̀, kí ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pinnu.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ̀ ń pa òórùn èéfín. Carbon monoxide fúnra rẹ̀ kì í rùn. Èéfín tí wọ́n jọ ń jáde láti ẹ́ńjìnnì ló ń rùn, ìyẹn sì ni ìkìlọ̀ tí awakọ̀ ní. Ẹ rántí ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2014, nígbà tí yìnyín tí kò tó ínṣì 3 há ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ́ ojú pópó Atlanta di ọjọ́ kejì, tí wọ́n tan hítà sùn. Ẹni tí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀ lu lóru yẹn, kí ni lọ́fíńdà yín máa ṣe fún un? Ní oṣù Keje ọdún 2016, NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí èéfín tó ń wọ inú Ford Explorer. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá ìlú Austin kó nǹkan bí 400 irú ọkọ̀ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ford sì gbà láti tún ọkọ̀ àwọn oníbàárà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lára iṣẹ́ náà ni pé wọ́n wá àlàfo tí èéfín ń gbà wọlé, wọ́n dí i. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹta kan ẹ̀yin oníṣòwò. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà ìjì Helene, òjò ínṣì 11.12 rọ̀ sí Atlanta láàárín wákàtí 48. Irú rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà rí. Ọkọ̀ tí àgbàrá irú òjò bẹ́ẹ̀ bá ti mù kì í gbàgbé. Ẹ̀ ń rà á ní ọjà gbàǹjo, ẹ̀ ń fọ rọ́ọ̀gì, ẹ̀ ń tà á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, tàbí kí ẹ gbé e sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ tan hítà ni àṣírí máa tú. Ẹni tó bá ń ràjà lọ́wọ́ yín, kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá wo ẹrẹ̀ lára rẹ̀, kó sì gbé táyà àpamọ́ sókè wo ìpẹtà.

Nínú ọkọ̀ tí omi kò mù, òórùn bíi ti aṣọ tí kò gbẹ kò le, ẹ̀sùn ibẹ̀ ni owó gọbọi tí ẹ̀ ń gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ka 14,801 hóró àtíkè òdòdó nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan níbí. Ìyẹn àti ewé páìnì ló ń dí asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù àti ọ̀nà tí omi ẹ̀rọ amútutù ń gbà ṣàn jáde. Ẹ pààrọ̀ asẹ́, ẹ la ọ̀nà omi, ó tán. Òórùn epo tó ń jó ńkọ́? Ẹ wo ibi tí epo ẹ́ńjìnnì ti ń kán sórí páìpù èéfín.

Mo fẹ̀sùn kan ìjọba Georgia náà. Nínú káúńtì 13 tó yí Atlanta ká, èéfín tí ọkọ̀ ń tú síta ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Kò sí àyẹ̀wò kankan fún èyí tó ń tú sára àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ kọ ohun tó ń rùn àti ibi tó ti ń rùn sínú risíìtì kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Ẹ dá owó obìnrin Lithonia padà, kí ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ kékeré tó lu, kí ẹ sì so páìpù rẹ̀ padà sí ipò kí òtútù tó tún dé.