Túndé Kèlání: Ìwé Ni Orísun Fíìmù Rere

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, mọ ìtumọ̀ òwe yìí dájú. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ara igi yìí ni ó ti sọ ìtàn bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò: ọba gúnwà pẹ̀lú adé lórí, àwọn arẹrù sì gbé òyìnbó náà bọ̀ lórí àga. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè dúró níwájú ilẹ̀kùn náà kí ó ka ìtàn náà tán. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní London. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ni ó wà títí di òní.

Ohun tí ilẹ̀kùn yẹn jẹ́ fún ará ìgbà náà ni fíìmù jẹ́ fún ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré lónìí. Inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wo ìtàn. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ kan ṣe gbà pé fíìmù ni ọ̀tá ìwé kíkà, pé ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wo eré ni ó ti dágbére fún ìwé. Ìgbé-ayé àti iṣẹ́ Túndé Kèlání, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí fíìmù tí òkìkí wọn kàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí Kèlání ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta ni ó ti dàgbà. Ó ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó tún lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní London Film School. Nígbà tí ó padà wálé, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999, ọ̀pọ̀ àwọn onífíìmù ń sáré ya eré láàárín ọjọ́ mélòó kan láìní ìtàn gidi lọ́wọ́. Kèlání kò bá wọn sá eré náà. Ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ni ó gbà lọ.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá, ni ó sún mọ́ jù. Eré onítàn Ìṣọ̀lá ni Kòṣeégbé, tí Kèlání sọ di fíìmù ní ọdún 1995. Ìtàn olóòótọ́ kan láàárín àwọn aṣọ́bodè ni, bí ìwà ìbàjẹ́ ṣe dojú kọ ọ́ láti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1997 ni ó ya Ó Le Kú, ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1974, nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, tí ìfẹ́ ọmọbìnrin mẹ́ta kó sí ìdààmú. Fíìmù náà gbayì débi pé ìró àti bùbá kúkúrú ìgbà náà tún di oge láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọn kò tí ì sí láyé nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà. Ní ọdún 2001, ó ya Magun láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Ní ọdún 2011, ó ya Màámi láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan.

Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ọkàn sí jù ni Ṣaworoidẹ, ti ọdún 1999. Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀ fún fíìmù, Fálétí fúnra rẹ̀ sì ṣe Ọ̀pálábà nínú rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, ọba tí ó bá kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ kò gbọdọ̀ dé adé níbi tí wọ́n bá ti ń lu ìlù ṣaworoidẹ. Bí ó bá dé e, ikú ni. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni fíìmù náà jáde, kò sì sí ẹni tí ó wò ó tí kò mọ ibi tí òwe ń lọ. Lẹ́yìn fíìmù, Ìṣọ̀lá sọ ìtàn náà di ìwé, tí ó jáde ní ọdún 2008. Ìwé bí fíìmù, fíìmù náà sì padà bí ìwé.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Steven Spielberg, tí gbogbo ayé mọ̀ ní Amẹ́ríkà, ya Jaws ní ọdún 1975 láti inú ìwé Peter Benchley, ó sì ya The Color Purple ní ọdún 1985 láti inú ìwé Alice Walker. Ẹni tí ó ní owó àti ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń wá ìtàn lọ sínú ìwé.

Òótọ́ ni pé ọ̀lẹ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fíìmù rọ́pò ìwé. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Kí wọ́n ka orí kan nínú Ó Le Kú, kí wọ́n wo apá tí ó bá a mu, kí olùkọ́ sì béèrè: kí ni fíìmù yọ kúrò? Kí ni ó fi kún un? Èrò ọkàn Àjàní tí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ sọ, kí ni olùdarí fi gbé e jáde: ojú òṣèré ni, orin ni, tàbí ìdákẹ́jẹ́? Kò sí ẹni tí yóò dáhùn láìka ìwé.

Àkókò kò dúró de ẹnìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí àyè èdè ṣe ń dínkù ní kíláàsì, ìwé àti fíìmù Yorùbá gbọ́dọ̀ máa ti ara wọn lẹ́yìn.

Ìtàn kò sì wọ́n ní gúúsù Èkìtì. Àpáta Ọlọ́ṣunta ń bẹ ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú kan náà tí ó bí akéwì Níyì Ọ̀ṣúndáre ní ọdún 1947. Ìgbé-ayé Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ tó fíìmù ńlá. Ṣùgbọ́n Kèlání rí Ìṣọ̀lá àti Fálétí kí ó tó rí ohun tí yóò yà. Bí ọmọ Ìsẹ̀ tàbí ọmọ Ẹmùré kan yóò bá di olùdarí fíìmù lọ́la, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ti máa fi Yorùbá kọ ìtàn ìlú wọn sílẹ̀ lónìí, olùkọ́ kan sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ àwọn méjèèjì láti kàwé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.