Ká Tó Bá Òòlù Wí, Ká Wo Ẹnu Dáì

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe fèrèsé onígíláàsì n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ó ra ọ̀pá àlùmíníọ́ọ̀mù oníhò. Bó ṣe ń fi òòlù rọra gbá igun rẹ̀ wọlé, ọ̀pá là láti òkè délẹ̀, gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á. Ó gbé e padà. Ẹni tó tà á ní òòlù ló fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní èsì ju "irin yìí ò dáa" lọ. Owó rẹ̀ wọmi.

Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ló wọ́n ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì niṣẹ́ wa.

Wọ́n á mú kí ìtì àlùmíníọ́ọ̀mù gbóná tó nǹkan bí 450 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Kò ní yọ́, yóò kàn rọ̀ ni. Ẹ̀rọ á wá tì í gba ihò tí wọ́n gbẹ́ sára irin líle, èyí tí wọ́n ń pè ní dáì. Bí ọṣẹ ìfọyín ṣe ń jáde lẹ́nu ike rẹ̀ náà ni. Ẹ rántí kíláàsì fònẹ́tíìkì: èémí kan náà ló ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ìrísí ẹnu ló ń sọ ọ́ di [u] tàbí [i].

Ọ̀pá oníhò ló le jù. Afárá kékeré wà nínú dáì rẹ̀ tó gbé irin tó ń ya ihò náà dúró. Afárá yìí á pín àlùmíníọ́ọ̀mù sọ́nà bíi mélòó kan, wọ́n á sì tún fún ara wọn pọ̀ kó tó jáde. Bí àyè ìpàdé yẹn ò bá fún wọn mọ́ra tó, tàbí tí ooru ò pé, tàbí tí ìdọ̀tí wọ̀ ọ́, ojú ibẹ̀ ò ní mú dáadáa. Ibẹ̀ náà ló máa là, lóòró gbọọrọ. Ìyẹn lèsì tí ẹ̀gbọ́n mi ò ní.

Àbùkù mìíràn tún wà. Ibi tó nípọn máa ń yára jáde ju ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí náà agbẹ́dáì á jẹ́ kí ètè ihò gùn sí i níbi tó ń yára, kó lè dá a dúró díẹ̀. Bí kò bá wọ̀n ọ́n re, ọ̀pá á lọ́. Èyí tí ètè dáì tó ti jẹ bá há lára, ojú lásán ló sábà máa ń bàjẹ́.

Inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èyí wà. Ẹni tó ń pàdánù owó kì í rí i kà. Àwa ńkọ́? Oríkì, òwe, orúkọ: ibẹ̀ la máa ń kó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa sí. Mi ò ní ká pa wọ́n tì. Orúkọ lèmi náà kọ lé lórí. Ṣùgbọ́n a ti jókòó sí láíbìrì jù. Mo gbé "ojú ìsopọ̀" lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn, pé "ojú jíjó" lòun máa pè é, bí ìgbà tí jórinjórin jó nǹkan pọ̀. Iná ò tiẹ̀ jó o, mo bá a jiyàn títí. Òun ló borí.

Nígbà tó tún fẹ́ rajà, ó ní kí wọ́n gé orí ọ̀pá kan fóun, ó ki irin ṣóńṣó bọ ihò rẹ̀, ó gbá a. Ó là. Ó ní, "Ẹ wò ó, ojú jíjó ò mú." Wọ́n gbé òmíràn jáde fún un.