Òjò Ò Ní Ká Má Sáré

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, láti London dé Manchester, láti Leeds dé Newcastle, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Lóṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń sá eré Great North Run, máìlì 13 ó lé díẹ̀, láti Newcastle gba orí afárá Tyne títí dé etí òkun ní South Shields. Láti 1981 ni Brendan Foster ti dá a sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń fi í kó owó jọ fún àwọn aláìsàn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àwa náà pọ̀ níbẹ̀, ká sáré nítorí àwọn ọmọ wa tó ní sickle cell, àìsàn tí àwọn àgbà mọ̀ sí fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òjò bá sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ká má pa dà sílé.

Mo mẹ́nu ba òjò nítorí pé mo mọ̀ wá. Bó bá ti ṣú báyìí, ẹni mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀ á ku mẹ́ta. Orí á máa fọ́ ti ibí, ọkọ̀ ojú irin ò ní rìn fún ti ọ̀hún. Ní 2023, lọ́jọ́ tí sárésáré ọmọ Britain nì, Mo Farah, sá eré àṣekágbá rẹ̀, oòrùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àrá àti àgbàrá ló wá ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ South Shields. Ní 2024, òjò náà ni. (Ẹni tó bá ní òyìnbó nìkan ló ń sáré nínú òjò, ó ti gbàgbé bí ọmọ Èkó ṣe ń lé dánfó nínú òjò oṣù Kẹfà.)

Àwọn baba wa ní òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òótọ́ ni, àmọ́ pípa ju pípa lọ. Bí òjò bá pa èmi tí ara mi dá, mà á pààrọ̀ aṣọ, mà á mu tíì gbígbóná, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní sickle cell máa ń tẹ̀ bí dòjé, á dí iṣan, òtútù sì wà lára ohun tó ń ru ìrora náà sókè. Ìrora inú eegun ni, èyí tó ń sọ ọmọdé di èrò ilé ìwòsàn lóru, tó jẹ́ pé morphine ni wọ́n fi ń pẹ̀rọ̀ sí i nígbà mìíràn. Ní England nìkan, àwọn tó ní i lé ní 15,000, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú wọn wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú òjò kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún wa. Kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, kí wọ́n máa wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kí ẹni tó ń ṣiyèméjì rántí eré Boston Marathon ti oṣù Kẹrin 2018. Òjò, òtútù, ẹ̀fúùfù tó ń kọlu èèyàn lójú. Des Linden, sárésáré ọmọ Amẹ́ríkà, ti sọ fún Shalane Flanagan tí wọ́n jọ ń sáré pé ó ṣeé ṣe kí òun jáwọ́, pé bó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kó wí. Nígbà tí Flanagan yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Linden dẹ eré, ó dúró dè é, ó sì bá a sá títí tí wọ́n fi lé àwọn tó kù bá. Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ yìí ló wá gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 39 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54. Láti 1985, obìnrin Amẹ́ríkà kankan ò gbà á mọ́ àfi lọ́jọ́ yẹn.

Àwa ò lọ gba ipò kankan, àmọ́ ó yẹ ká múra de òjò. Ẹ má wọ ṣẹ́ẹ̀tì òwú. Á fa omi mu, á wúwo, á sì tutù mọ́ yín lára. Ẹ fi Vaseline pa itan, abíyá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ wá làílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ẹ gé ojú ihò fún orí àti apá, ẹ wọ̀ ọ́ sára títí eré á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ di aṣọ gbígbẹ sílẹ̀ de ìparí. Bí àwọn alábòójútó bá sì ní àrá ń sán, kí gbogbo èèyàn dúró, ẹ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣèlérí owó, ẹ san án, bí wọ́n tilẹ̀ fagi lé eré náà. Owó ìlérí kì í ṣe owó ojú ọjọ́. Ẹni tó ń san owó orí níbí, kó fi àmì sí Gift Aid: pẹ́ńsì 25 ni ìjọba máa fi kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. A kì í sọ pé kò sówó bí a bá ń ná an mọ́ olórin níwájú lóde àríyá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò gbà á, kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro, tó bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní sickle cell lára mu jù, àwa aláwọ̀ dúdú la sábà máa ń ní i. Ọkùnrin lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12 síra, obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 16.

Gègé ni wọ́n fi ń yan ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sá eré yìí. Bí gègé ò bá mú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú bóyá àyè ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Sickle Cell Society, tó ti wà ní London láti 1979. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìjọ, mọ́sálásí, kí kálukú fa èèyàn mẹ́wàá kalẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, bó rọ̀, bó dá.