Orúkọ Írẹ́lándì fún Ọmọ Yorùbá

Bí ènìyàn bá ń gbé ní àdúgbò Ọ̀jọ́, ní ìhà ibi tí àgọ́ ńlá àwọn ọmọ ogun wà, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé orúkọ a máa rìn ìrìn àjò bí ènìyàn. Àwọn sójà tí ń gbé inú àgọ́ náà wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Nàìjíríà. Àwọn ìyàwó wọn jọ ń pọn omi ní ojú kan, àwọn ọmọ wọn sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nítorí náà kò ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá níbẹ̀ tí aládùúgbò tí ó jẹ́ Hausa ń pè ní Danladi nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni a bí i, tí orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ẹ ó tún gbọ́ Patrick, Kevin àti Brendan láàárín àwọn tí bàbá wọn wá láti ìhà Ìlà-Oòrùn, nítorí pé àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà láti Írẹ́lándì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní ìhà ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìlú wọn ṣe ìrìbọmi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ní irú àdúgbò yìí gan-an ni àríyànjiyàn kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá àgbà kan ní Òkokomáìkò ní ọmọbìnrin tí ó ti pẹ́ ní Dublin, olú-ìlú Írẹ́lándì. Ọmọbìnrin náà bí ọkùnrin, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ránṣẹ́ sílé pé àwọn fẹ́ fi Oisín kún orúkọ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àbúrò ọkọ ìyá àgbà, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, fi ìbínú dìde. Ó ní, “Ṣé orúkọ ti tán nílé wa ni?” Àwọn ọ̀dọ́ ilé dáhùn pé ayé ti yí padà, kí bàbá fara balẹ̀. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń bèèrè: “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú gbogbo wọn.

Ní tèmi, ìyá àgbà nìkan ni ó bèèrè ohun tí ó yẹ kí a bèèrè. Bí àwọn òbí bá mọ ìtumọ̀ orúkọ náà, tí wọ́n sì mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ti ọmọ wọn, n kò rí àbùkù kankan nínú kí ọmọ Yorùbá máa jẹ́ orúkọ Írẹ́lándì. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí kò sí nínú rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé àgbà sójà yẹn ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ̀rù tí ń bà á ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí ní Òṣogùn. Nígbà tí a gbà á sílẹ̀ tí ó dé Freetown, a ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, a sì fi orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, sọ ọ́. Àjàyí kò sọ orúkọ tí ó mú ti ọ̀run wá nù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ tiwọn nù, àwọn ọmọ wọn kò sì rí i mọ́. Ní Èkó, oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan wà tí a bí ní 1860, David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é. Ní 1894 ó pa gbogbo orúkọ náà tì, ó di Mojọlá Àgbébí, ó sì fi aṣọ ìbílẹ̀ rọ́pò kóòtù. Ohun tí ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń mú sójà wa bínú, pé ẹni tí ó bá sọ ọ́ lórúkọ tuntun lè fẹ́ sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Ibi tí àṣìṣe wà ni pé a máa ń pe gbogbo orúkọ tí ó bá ti òkè òkun wá ní orúkọ òyìnbó, bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ni gbogbo òyìnbó ti wá. Àwọn ará Írẹ́lándì pàápàá wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Wọ́n kọ orúkọ ìdílé wọn ní ìkọkúkọ, wọ́n gé Ó àti Mac kúrò níwájú rẹ̀, títí àwọn ọmọ onílé fi ń tijú èdè wọn. Ní 1893, ọdún kan péré ṣáájú ìgbà tí Àgbébí yí orúkọ rẹ̀ padà ní Èkó, Douglas Hyde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Dublin láti gbé èdè ìbílẹ̀ wọn ró. Hyde náà ni ó di Ààrẹ kìíní Írẹ́lándì ní 1938. Ní 1905, wọ́n pe ọkùnrin kan láti Donegal lẹ́jọ́ nítorí pé èdè ìbílẹ̀ ni ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sí ara kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀. Niall Mac Giolla Bhríde ni ó kọ. McBride ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ó kọ. Agbẹjọ́rò tí ó gbèjà rẹ̀ ni Patrick Pearse, ẹni tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìdìtẹ̀ 1916 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì pa. Wọn kò jàre ní kóòtù. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní sọ pé ọ̀kan náà ni Oisín àti George.

Ẹ tún wo Patrick, orúkọ tí ó ti di bí ọmọ onílé ní Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọ Àgùdà fi ka ẹni mímọ́ náà sí alágbàwí orílẹ̀-èdè wa. Patrick fúnra rẹ̀ kì í ṣe ará Írẹ́lándì. Ilẹ̀ Britain ni a bí i sí. Àwọn ajínigbé láti Írẹ́lándì ni wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16, ó sì da ẹran fún ọdún 6 kí ó tó sá lọ. Èdè Látìn ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ ọlọ́lá. Ó padà sí ààrin àwọn tí ó kó o lẹ́rú, ó wàásù fún wọn, àwọn wọ̀nyí sì sọ orúkọ àjèjì yìí di tiwọn nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ṣe láàárín wọn.

Àwa náà ní òwe pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó tako orúkọ àjèjì ni ó máa ń fi òwe yìí gún mi lójú jù. Ṣùgbọ́n ilé wo ni a ń wò? Ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni Tòkunbọ̀. (Àwọn oníṣòwò Ọjà Àlàbá ti gba orúkọ dáradára yìí lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, wọ́n fi ń pe tẹlifíṣọ̀n àlòkù.) Àwọn baba wa wo ibi tí ọmọ balẹ̀ sí, wọ́n sì fi í sínú orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Dublin tí kò sì tí ì fojú kan Ọ̀jọ́ kò tí ì tòkun bọ̀. Ilé tí ó wà nínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún, kò sì burú bí orúkọ rẹ̀ bá fi méjèèjì hàn.

Wàyí o, kí ni ìtumọ̀ Oisín? Lẹ́nu àwọn tí ó ni í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí Ọṣíìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ àgbọ̀nrín. Nínú ìtàn àtijọ́ wọn, Fionn, olórí àwọn ọdẹ àti jagunjagun, fẹ́ obìnrin kan tí oníṣẹ́ òkùnkùn ti sọ di àgbọ̀nrín; obìnrin náà ni ó bí Oisín. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn obìnrin tí ó bọ́ awọ ẹranko sílẹ̀ tí ọdẹ sì mú un lọ sílé ṣe aya? Oisín dàgbà, ó di akọni àti akéwì. Niamh, arẹwà kan láti ìkọjá òkun, fi ẹṣin wá mú un lọ sí ìlú tí a ń pè ní Tír na nÓg, ìyẹn Ilẹ̀ Èwe, níbi tí kò sí àrùn tí kò sì sí ogbó. Oisín rò pé ọdún 3 ni òun lò níbẹ̀. Ọdún 300 ni ó ti kọjá nílé. Nígbà tí àárò ilé sọ ọ́, Niamh yá a ní ẹṣin, ó sì kìlọ̀ fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe kan ilẹ̀. Ó dé ilé, kò bá ẹnì kan nínú àwọn tí ó mọ̀. Níbi tí ó ti ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti yí òkúta, ó já bọ́ láti orí ẹṣin, ó sì di arúgbó kùjọ́kùjọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ǹjẹ́ orúkọ kan wà tí ó bá ọmọ ẹni tí ń gbé òkè òkun mu ju èyí lọ? Gbogbo ẹni tí ó ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ láti ọdún 15 pé “ọdún tí ń bọ̀ ni mo ń bọ̀ wá kí yín” mọ Ilẹ̀ Èwe. Bí àwọn òbí ọmọ náà bá rò ó báyìí tí wọ́n fi yan orúkọ yìí, orúkọ tí ó jinlẹ̀ ni wọ́n yàn. Bí ó bá jẹ́ pé dídùn rẹ̀ létí nìkan ni, kí wọ́n lọ kọ́ ìtàn náà kí wọ́n tó pe ọmọ lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì.

Irú òbí mìíràn wà tí ìdí tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ orúkọ tí olùkọ́ yóò lè pè, tí agbanisíṣẹ́ kò sì ní tìtorí rẹ̀ ju ìwé ọmọ àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìyà ń jẹ ènìyàn ní ilẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ Írẹ́lándì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà, Caoimhe (Kíífà) àti Saoirse (Sááṣà tàbí Síáṣà, òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀) kò rọrùn ju Títílayọ̀ lọ. Orúkọ kì í sì í sọ ọmọ di ọmọ onílùú. Láti 1 January 2005, lẹ́yìn ìdìbò tí àwọn ará Írẹ́lándì dì ní 2004, ọmọ tí a bí síbẹ̀ kì í di ọmọ onílùú nítorí ìbí nìkan mọ́. A ó kọ́kọ́ wo ipò àwọn òbí rẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀.

Àwọn tí kò fi orúkọ wọn pamọ́ sì ti jẹ́ kí ará ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń pè é. Rotimi Adebari dé Írẹ́lándì ní 2000. Ní 2007 ó di olórí ìlú Portlaoise, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 2022, Israel Olatunde sá eré mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.17 ní Munich, kò sì sí ará Írẹ́lándì tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Rhasidat Adeleke, tí a bí ní Dublin ní 2002, ṣe ipò kẹrin nínú eré mítà 400 ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris ní 2024. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ rẹ̀ kìíní ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá, èkejì ti ilẹ̀ Yorùbá, àsíá Írẹ́lándì ni ó sì wà ní àyà rẹ̀. Kò sí èyí tí ó lé èkejì jáde.

Lílé jáde yìí ni mo kọ̀. Mo mọ ilé tí a ti kọ orúkọ àjèjì nìkan sínú ìwé ìbí, tí a fi ti Yorùbá sílẹ̀ fún ìyá àgbà láti máa pè lórí tẹlifóònù. Nígbà tí ìyá àgbà bá kú, orúkọ náà bá a lọ. Kí a kọ méjèèjì sínú ìwé, kí a sì fi èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá sí ibi tí olùkọ́ yóò ti máa pè é, nítorí pé orúkọ Írẹ́lándì yóò rí ẹni tí yóò máa pè é ní ojú pópó ibẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ wa.

Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀ràn yìí àwa àti àwọn jọ ń jẹ ìyà kan náà. Seán jẹ́ orúkọ ọkùnrin. Bí a bá yọ àmì orí rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘ògbólógbòó’. Bí a bá sún àmì náà sí orí lẹ́tà tí ó ṣáájú, ó di ‘oríire’. Àwa tí a mọ ọlá yàtọ̀ sí ọlà, tí a sì mọ méjèèjì yàtọ̀ sí ọ̀la, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni tí yóò ba orúkọ aládùúgbò jẹ́.

Ọ̀nà láti ṣe é kò jìnnà, àwọn baba wa ti fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìkómọjáde, kì í ṣe bàbá ọmọ nìkan ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ó ń sọ owó sínú àwo, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì dárúkọ tí òun yóò máa pe ọmọ. Nínú ilé tí ọmọ yìí wà ní Dublin, ó yẹ kí ará Írẹ́lándì kan wà tí ó ti bá ìyá rẹ̀ ṣe wàhálà oyún, aládùúgbò tàbí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́. Kí a pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Kí a fún un ní oyin àti iyọ̀ tọ́ wò, kí òun náà sọ owó sínú àwo, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe Oisín, kí ó sì sọ ìtàn rẹ̀ kí ìyá àgbà máa gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù láti Òkokomáìkò bí ẹnì kan ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Oṣù 3 ni òfin Írẹ́lándì fún òbí láti fi orúkọ ọmọ sínú ìwé ìjọba. Kí bàbá má ṣe lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kí ó kọ gbogbo orúkọ náà sínú tákàdá kan, ti Ọ̀jọ́ àti ti Dublin, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí ó sì dúró ti akọ̀wé títí yóò fi dà á kọ tán.